Windows 10 ti parí, ṣé kí n ju laptop mi nù?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Laptop ni mo fi ń tẹ ìwé fún àwọn oníbàárà ní Kabba. Windows 10, RAM (ìrántí tó fi ń ṣiṣẹ́) 4GB, hard disk ni, kì í ṣe SSD (àpamọ́ fáìlì tó yára ju hard disk lọ). Mo gbọ́ pé Microsoft ti pa á tì láti October 14, 2025. Ṣé kí n ra òmíràn ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì náwó. Kò ní kú. Àtúnṣe tó ń dí ihò táwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé ni kò ní wá mọ́. Láti mọ̀ bóyá ó lè gba Windows 11 tó rọ́pò Windows 10, ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows àti R pa pọ̀, ẹ kọ tpm.msc, ẹ tẹ Enter. Bí ẹ bá rí 2.0 níbi TPM (èròjà ààbò tí Windows 11 ń béèrè), ó ku processor, ọpọlọ kọ̀ǹpútà: bó bá jẹ́ Intel, ìran kẹjọ sókè ni Windows 11 sábà máa ń gbà.

Bí kò bá gbà, Linux Mint wà, ètò tí ẹ lè fi rọ́pò Windows, ọ̀fẹ́ ni; flash 8GB tó láti fi gbé e wọ laptop. LibreOffice, ètò ìtẹ̀wé inú rẹ̀, ń ṣí fáìlì Word, àmọ́ ó lè da ìlà rú. Ẹ sọ iṣẹ́ di PDF kí ẹ tó gbé e lọ síbi ìtẹ̀wé.

Hard disk yẹn gan-an ló ń mú un falẹ̀, a ò sì fẹ́ràn rẹ̀ rárá. SSD oní-SATA (irú ihò tí a ń kì í bọ̀) 2.5 inch yóò bọ́ sí àyè rẹ̀ rẹ́gí. Bí ẹ bá fẹ́ fi kún RAM ńkọ́? Irú RAM ni DDR3 àti DDR4; DDR4 kì í wọ ihò DDR3, nítorí ibi tí wọ́n gé lára wọn ò bára mu. Ẹ ka ohun tó wà lára RAM inú laptop yín kí ẹ tó ránni lọ rà á ní Lokoja. Kí ẹ tó fi Windows 11 tàbí Linux Mint sí i, ẹ kó fáìlì pamọ́ ná. Bí bátìrì ò bá sì dáa mọ́, ẹ tan jẹnẹrétọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀: bí iná bá lọ lágbedeméjì, àtìbẹ̀rẹ̀ ni.