Ọmọ mi ń ké nílé ìtọ́jú ọmọ: ṣé kí n máa yọ́ lọ ni?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ mi. Ọmọ mi ti pé oṣù 16. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tó ti ń lọ sílé ìtọ́jú ọmọ kí n lè padà sẹ́nu iṣẹ́. Láràárọ̀ ló ń dì mọ́ mi lọ́rùn, á ké títí ohùn rẹ̀ á fi há. Ọ̀kan nínú àwọn olùtọ́jú ní kí n máa yọ́ lọ nígbà tó bá ń ṣeré lọ́wọ́. Bàbá rẹ̀ ní yóò mọ́ ọn lára. Ẹ̀rù ń bà mí kí ọkàn ọmọ yìí má lọ dàrú.

*

Ẹ kú ìrọ́jú, ìyá ọmọ. Ẹ má yọ́ lọ o. Mo ṣe é rí, mo kábàámọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, àkọ́bí mi ò jẹ́ kí n dá wọ ilé ìwẹ̀ mọ́, torí ó ti mọ̀ pé bí òun bá mójú kúrò, màmá lè pòórá. Ẹ gbá a mọ́ra, ẹ sọ gbólóhùn kan náà lójoojúmọ́, “Tóo bá jí lójú oorun, màá wá mú ẹ,” kí ẹ sì lọ. Kó má sì jẹ́ irọ́.

Ẹkún yẹn ò yẹ kó bà yín lẹ́rù. Láàárín oṣù 10 sí 18 ló máa ń le jù. Ọmọ tó ń ké ṣì gbà pé ẹnì kan máa gbọ́. Èyí tó dákẹ́ lójijì, tí kò ṣeré, tí kì í wojú èèyàn, òun ni kí ẹ ṣọ́. Lẹ́yìn ọdún 1948, James Robertson àti John Bowlby, àwọn méjì tó ṣèwádìí nípa ọmọ tó yà kúrò lọ́dọ̀ òbí, rí irú rẹ̀ láàárín àwọn ọmọ tí wọ́n dá dúró sí ọsibítù ní Lọ́ńdọ̀nù: àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń yìn wọ́n pé ara wọn ti balẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìrètí ló ti pin.

Ẹ bi wọ́n níbẹ̀: ta lèèyàn rẹ̀? Ta ní ń gbà á lọ́wọ́ yín, tó mọ bó ṣe ń sùn? Bó bá jẹ́ ojú tuntun lójoojúmọ́, ibẹ̀ ni ìṣòro wà. Kí bàbá rẹ̀ náà gbọ́ o: àgbàlagbà kan tó dúró tì í ló ń jẹ́ kí ọmọ lè fara da nǹkan, kì í ṣe pípa á tì.

Ní Jámánì, wọ́n ní ìlànà kan tí wọ́n fi Berlin sọ lórúkọ. Òbí á bá ọmọ jókòó níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta láìlọ, ọjọ́ kẹrin ni yóò kọ́kọ́ jáde, kò sì ní ju ìṣẹ́jú 30 lọ. Bí ibi iṣẹ́ bá lè fún yín láyè, ẹ tún un bẹ̀rẹ̀ báyẹn.

Ohun kan wà tí àwa tó ń sọ Yorùbá nílé máa ń gbàgbé. Ọmọ mi kejì ń ké “gbé mi, gbé mi”, àwọn olùtọ́jú rẹ̀ tí kò gbọ́ Yorùbá rò pé ariwo lásán ni. Mo bá kọ ọ̀rọ̀ mẹ́wàá sórí páálí fún wọn: omi, gbé mi, ó tó, ó ń dùn mí... mo sì gba ohùn mi sílẹ̀ kí wọ́n lè gbọ́ ọ. Àmì ohùn ò jọra rárá lẹ́nu olùtọ́jú rẹ̀ (ẹ̀rín pa mí), àmọ́ ọjọ́ tó kọ́kọ́ pe “gbé mi” yẹn, ọmọ náà nawọ́ sí i.