Èsì: Ìka ẹsẹ̀ ọmọ tó wú lẹ́yìn kòrónà

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ bẹ̀rù pé ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú, tó ń yún un, tó sì di àwọ̀ elése àlùkò lẹ́yìn kòrónà fẹ́ jẹrà. Kò jọ bẹ́ẹ̀. Irú rẹ̀ sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Àwọn dókítà rí i gan-an lọ́dún 2020, pàápàá lára ọmọdé àti ọ̀dọ́. Àyẹ̀wò ọ̀pọ̀ wọn ò fi kòrónà hàn rárá. Lára aláwọ̀ dúdú, ó lè má pọ́n, kó kàn ṣú ju awọ tó yí i ká lọ.

Ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ gbígbẹ fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yá ẹsẹ̀ náà níná, ẹ má sì rì í bọ omi gbígbóná.

Bí ara rẹ̀ bá le, tó jẹ́ ẹsẹ̀ nìkan ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, ni ìtọ́jú ilé yìí wà fún o. Bó bá di egbò, tí ìka dúdú tó sì tutù, tàbí tí ibà wà, ẹ gbé e lọ rí dókítà lónìí.