Ṣé ọ̀gá tuntun ní ọ́fíìsì ló tún Baltimore Orioles, tíìmù bésíbọ́ọ̀lù kan ní Amẹ́ríkà, ṣe ni, àbí àwọn ọmọ kéékèèké tí wọ́n tọ́?

Méjèèjì ni o, ṣùgbọ́n ọ́fíìsì ló ṣáájú. Lọ́dún 2018 wọ́n pàdánù géèmù 115, Dan Duquette tó ń darí ètò tíìmù náà kúrò nípò, nígbà tó di oṣù kọkànlá wọ́n mú Mike Elias wá láti tíìmù Houston Astros láti rọ́pò ẹ̀, òun náà sì pe Sig Mejdal, onísirò kan, tẹ̀ lé ara ẹ̀. Ọmọ ni wọ́n wá ń kó jọ. Ní draft 2019, níbi táwọn tíìmù ti ń yan ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù tuntun lẹ́sẹẹsẹ, Adley Rutschman ni wọ́n kọ́kọ́ mú, wọ́n tún rí Gunnar Henderson mú ní ráùn kejì (kí làwọn tíìmù tó kù ń wò ná?). Bésíbọ́ọ̀lù ò dà bíi bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tí ọmọ ọdún 17 á kàn já wọ tíìmù ńlá, wọ́n á kọ́kọ́ gba àwọn tíìmù kéékèèké Orioles kọjá; nígbà yẹn, Delmarva, Aberdeen àti Bowie ni wọ́n ń gbà kọjá kó tó kan Norfolk, ìpele tó gbẹ̀yìn kí wọ́n tó dé Baltimore. Ojú àwọn fáànù rí màbo, torí ní 2021 wọ́n ṣì pàdánù 110. Rutschman gòkè ní 2022, nígbà tó fi máa di 2023 wọ́n ti wín géèmù 101. Jackson Holliday, ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù wọn mìíràn, ní tiẹ̀, ọdún 2023 yẹn nìkan ló fi gba ìpele mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọjá, ọmọ ọdún 19 péré.