Èsì: ẹ́ńjìnnì Toyota 7A-FE nínú Corolla tó ń lo 4A-FE

Òkun o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ bèèrè bóyá ẹ́ńjìnnì 7A-FE tòkunbọ̀ á wọ Corolla yín tó ní 4A-FE. Á wọ̀ ọ́. Ọmọ ìyá ni wọ́n, gíà yín náà á bá a mu. Timing belt, ìyẹn bẹ́líìtì tó ń mú kí fáàfù ẹ́ńjìnnì ṣí kó sì pa dé lásìkò, ni kí ẹ ṣọ́: búlọ́ọ̀kù (ara irin ẹ́ńjìnnì) 7A ga ju ti 4A lọ, bẹ́líìtì àtijọ́ á kúrú. Ẹ ra ti 7A gan-an, kí mẹkáníìkì má dá ọgbọ́n kankan. Ẹ gba brain box (kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì) àti wáyà rẹ̀ pọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì. Àwọn tó ń tà á fẹ́ràn láti yọ ọ́ tà lọ́tọ̀. Ẹ wọn compression (agbára tí ẹ́ńjìnnì fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ nínú sìlíńdà) kí ẹ tó sanwó. Tó bá ń gbóná lórí òkè Kábà, radiator ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.