Bí ọkàn ẹnìkan bá dáwọ́ iṣẹ́ dúró lójijì

ÌBÉÈRÈ: Bàbá kan ṣubú lójijì lọ́jà wa. Wọ́n da omi sí i lára, wọ́n fi ṣíbí ya ẹnu rẹ̀. Ó ń mí gùn-ùn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kó tó dákẹ́. Kí ló yẹ ká ti ṣe?

ÌDÁHÙN: Omi àti ṣíbí ò wúlò níbẹ̀. Èémí tí ẹ rí yẹn, bí ẹni ń hanrun, kì í ṣe mímí gidi. Òun gan-an ló máa ń tan èèyàn jẹ. Ẹ gbọn èjìká rẹ̀, ẹ pè é. Bí kò bá dáhùn, tí kò sì mí dáadáa, kí ẹnìkan pe 112, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àyà rẹ̀.

Ilẹ̀ tó le ni kí ẹ tẹ́ ẹ sí, torí tìmùtìmù á kàn máa rì ni. Ẹ gbé ìsàlẹ̀ àtẹ́lẹwọ́, níbi tó ti kan ọrùn ọwọ́, lé àárín àyà, ẹ gbé ọwọ́ kejì lé e, kí ìgúnpá má tẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6, ìgbà 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan. Àṣìṣe ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé wọn kì í jẹ́ kí àyà gòkè padà tán, bẹ́ẹ̀ ìgbà náà ni ẹ̀jẹ̀ ń padà sínú ọkàn. Egungun ìhà lè dún. Ẹ má dúró. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 2, kí ẹlòmíì gbà á.

Ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Ní Denmark, láàárín 2001 sí 2010, nínú àwọn tí ọkàn wọn dáwọ́ iṣẹ́ dúró níta ilé ìwòsàn, àwọn tí ará ìtòsí tẹ àyà wọn kúrò ní nǹkan bí 21 nínú 100, ó di 45. Àwọn tó ṣì wà láàyè lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́ kúrò ní 3.5 nínú 100, ó di 10.8.