Ẹ̀yin Òbí Bèèrè, A Dáhùn: Ọmọ Tó Ń Sanra Jù

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ ọdún 6 ni ọmọ mi ọkùnrin, ó sì sanra ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Inú màmá ọkọ mi ń dùn sí i, wọ́n ní ẹ̀rí ìtọ́jú ni, ṣùgbọ́n bí ó bá gun àtẹ̀gùn báyìí, ṣe ni ó ń mí helehele. Mi ò fẹ́ fi ebi pa ọmọ, mi ò sì fẹ́ kí sísanra yìí di àìsàn sí i lára. Kí ni ṣíṣe? — Ìyá Ọmọ Mẹ́ta

Ìdáhùn: Màmá wa, ẹ kú ìtọ́jú. Kí ọ̀rọ̀ oúnjẹ tó délẹ̀ rárá, ẹ mú ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí ojú lásán kì í mọ ìwọ̀n ọmọdé. Láti ìgbà tí ọmọ bá ti pé ọdún kan títí di nǹkan bí ọdún 5 tàbí 6, ọ̀rá ara rẹ̀ a máa dín kù bí ó ṣe ń ga sí i, kí ó tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ díẹ̀díẹ̀; ìdí nìyí tí ọmọ tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá fi lè dà bí ẹni tó rù lójú àwọn àgbà, tí wọ́n á sì máa yin èyí tó sanra jù. Nọ́ọ̀sì yóò wọn ìwúwo àti gíga rẹ̀, yóò sì fi wọ́n wé ti àwọn ọmọkùnrin ọlọ́jọ́ orí rẹ̀ lórí àtẹ ìdàgbàsókè. Bí ó bá ń sanra ṣùgbọ́n tí kò ga sí i, ẹ má ṣàì sọ ọ́ fún dókítà, torí ó lè jẹ́ pé oògùn kan tàbí àìsàn kan ni ó fà á. Kí wọ́n yẹ mímí helehele náà wò pẹ̀lú.

Ẹ̀rù ebi tó ń bà yín kò burú. Ọmọ tó ń dàgbà kì í ṣe ẹni tí à ń fi oúnjẹ dù kí ó lè rù, àfi bí dókítà bá là á sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí a sábà máa ń fẹ́ fún un ni pé kí ìwúwo rẹ̀ dúró sójú kan nígbà tí gíga rẹ̀ ń lọ sókè. Ọ̀nà tí mo fara mọ́ jù lọ ni kí òbí mú ohun tí a ó sè àti àkókò tí a ó jẹ ẹ́, kí ọmọ sì mú ìwọ̀n tí yóò yó o. Ẹ wo bí a ti ń ṣe é nínú ilé púpọ̀: ọmọ ti ti àwo sẹ́yìn, ó ti fi ọwọ́ bo ẹnu, ṣíbí méjì péré ló kù, màmá sì ní dandan ni kí ó jẹ ẹ́ tán kí ó tó lọ ṣeré. Ọmọ kékeré sábà máa ń mọ ìgbà tí ó yó. Bí a bá ń fipá mú un kọjá ibẹ̀ lójoojúmọ́, kò ní mọ̀ ọ́n mọ́. Ẹ bu díẹ̀ fún un, kí ó bèèrè sí i bí kò bá tíì yó. Ewébẹ̀ tí ó bá kọ̀ lónìí, ẹ tún gbé e síwájú rẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn láìjà, nítorí ó lè tó ìgbà 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ọmọ tó gba oúnjẹ tuntun.

Ibi tí mo ti le jù ni ohun mímu. Agolo ọtí ẹlẹ́rìndòdò tó jẹ́ mílílítà 330 sábà máa ń ní nǹkan bí gíráàmù 35 ṣúgà, ìyẹn tó ṣíbí tíì 9. Ní ọdún 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbani nímọ̀ràn pé kí agbára tí à ń rí nínú ṣúgà àfikún má tó ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo agbára tí oúnjẹ òòjọ́ ń fún wa. Agolo kan ṣoṣo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìpín ọmọ ọdún 6 tán. Ṣúgà tí a mu kì í sì í yóni bí oúnjẹ tí a jẹ. Omi èso kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀; èso gan-an ni kí ó jẹ. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá: kí ni èrè bàbá tó bá ọmọ rẹ̀ sáré yíká pápá, tó wá fi agolo kan kí i kú iṣẹ́ lẹ́yìn eré? Ẹ má rà á sílé rárá. Ní ti màmá ọkọ yín, ẹ jẹ́ kí bàbá ọmọ bá wọn sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọ ẹni kì í dunni tó ti ìyàwó ilé.

Ìbéèrè: Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 10, kì í jáde ṣeré, fóònù ni tọ̀sán-tòru. Ṣé kí n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ni? — Bàbá Tó Ń Ṣàníyàn

Ìdáhùn: Bàbá wa, ẹ kọ́kọ́ gbà á lóru. Ọmọ ọdún 6 sí 12 nílò oorun wákàtí 9 sí 12. Bí oorun kò bá tó, họ́mọ̀nù tó ń fa ebi lè pọ̀ sí i nínú ara, kí èyí tó ń jẹ́ kí a mọ̀ pé a ti yó sì dín kù, ohun dídùn ni yóò sì máa wu ọmọ náà jẹ. Kí fóònù gbogbo ilé wà ní pálọ̀ lóru, ti ẹ̀yin náà pẹ̀lú. Ní ti eré, wákàtí kan lóòjọ́ ni a ní kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa fi ṣe ohun tí yóò mú ọkàn rẹ̀ lù kíkankíkan. Kò pọn dandan kó jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà: ijó, okùn fífò, fífẹsẹ̀ rìn kíákíá lọ sílé ìwé, gbogbo rẹ̀ ni a ó ṣírò pọ̀. Ẹ má kàn sọ ọ́ di ìjìyà, kí ó má baà kórìíra rẹ̀.

Ìbéèrè: Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń pe àbíkẹ́yìn mi ní “Àgbá”, wọ́n ní ìtìjú ni yóò mú un dín oúnjẹ kù. Ṣé òótọ́ ni? — Òǹkàwé Yín

Ìdáhùn: Irọ́ ni. Ọmọ tí a bá ń fi ara rẹ̀ ṣẹ̀sín lè bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun ní ìkọ̀kọ̀, kí ó sì máa sá fún eré nítorí ojú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Irú wọn a sì tún máa sanra sí i. Ẹ fi òpin sí orúkọ náà lónìí. Oúnjẹ tí ẹ bá sì fẹ́ yí padà, ti gbogbo ilé ni kí ẹ yí, àti ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ àti ẹni tó sanra, kí ó má baà dà bí ẹni pé òun nìkan ni ẹ ń bá wí.