Ibà, kókó abíyá, nǹkan oṣù tó pẹ́: èwo ni abẹ́rẹ́ Kòrónà fà nínú wọn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Nọ́ọ̀sì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni mo gba abẹ́rẹ́ Kòrónà ẹlẹ́ẹ̀kejì, irú èyí tí wọ́n ń pè ní mRNA. Ní òru ọjọ́ náà, òtútù mú mi débi pé mo ń gbọ̀n, ara mi gbóná, mi ò sì lè gbé apá sókè. Ó tó ọjọ́ kejì kó tó rọlẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta mo fọwọ́ kan kókó kan ní abíyá apá náà. Ó ti ń kéré sí i, ṣùgbọ́n kò tíì lọ tán. Nǹkan oṣù mi tún pẹ́, nígbà tó sì dé, ó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọjọ́ kan náà ni ọkọ mi gba tirẹ̀, kò sì mọ nǹkan kan lára. Ṣé tirẹ̀ ṣiṣẹ́ báyìí? Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní abẹ́rẹ́ tí àwọn gbà ló fa orúnkún tó ń dùn wọ́n, bẹ́ẹ̀ oṣù márùn-ún lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ni orúnkún ọ̀hún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi pé n ò gbọdọ̀ gba òmíràn mọ́. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, èyí tó wúlò fún mi jù ni pé ẹ sọ ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀. Bí ènìyàn bá sọ fún mi pé abẹ́rẹ́ ṣe òun báyìí báyìí, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń béèrè ni ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, kí n tó béèrè bó ṣe dùn tó. Wàhálà kọ̀ọ̀kan tí abẹ́rẹ́ yìí lè fà ló ní àkókò tirẹ̀. Èyí tó bá yọjú nígbà tí kì í ṣe àkókò rẹ̀, ibòmíràn la ti máa ń wá orísun rẹ̀ ná.

Ibà yín bọ́ sí àkókò rẹ̀ gan-an. Abẹ́rẹ́ mRNA kò ní kòkòrò Kòrónà nínú, nítorí náà kò lè kó àrùn náà ràn yín. Ohun tó gbé wá ni àṣẹ tí sẹ́ẹ̀lì ara yóò tẹ̀ lé láti ṣe ẹ̀yà kan péré lára kòkòrò náà. Bí ara bá ti rí ẹ̀yà yìí, yóò mọ̀ pé kì í ṣe tòun, àwọn ọmọ ogun ara á sì gbéra. Àwọn kẹ́míkà tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ sí ara wọn ló ń mú kí ara gbóná, kí orí fọ́, kí gbogbo oríkèé máa ro ènìyàn. Àṣẹ tí abẹ́rẹ́ gbé wá kì í pẹ́: láàárín ọjọ́ mélòó kan ara á ti fọ́ ọ túká, kò sì dé ibi tí àbùdá wa wà nínú sẹ́ẹ̀lì. Ìdí tí ẹ̀ẹ̀kejì fi sábà máa ń le ju ẹ̀ẹ̀kìíní lọ ni pé ara ti dá ọ̀tá mọ̀, kò ní í fi àkókò ṣòfò mọ́ kó tó kọlù ú. Abẹ́rẹ́ AstraZeneca, tí kì í ṣe mRNA, ló yàtọ̀ síyẹn nígbà tí wọ́n ṣì ń lò ó, àkọ́kọ́ rẹ̀ ló máa ń dààmú ènìyàn jù.

Ọkọ yín ńkọ́? Tirẹ̀ náà ń ṣiṣẹ́. Nínú ìdánwò abẹ́rẹ́ Pfizer, ọ̀kan nínú àwọn abẹ́rẹ́ mRNA, tí àwọn tó kópa nínú rẹ̀ lé ní 43,000, tí èsì rẹ̀ sì jáde lópin ọdún 2020, kìkì ẹni 16 nínú 100 ni ibà mú lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kejì láàárín àwọn tí ọjọ́ orí wọn kò ju 55 lọ. Láàárín àwọn tó dàgbà ju bẹ́ẹ̀ lọ, 11 nínú 100 ni. Síbẹ̀ abẹ́rẹ́ yẹn dín iye àwọn tí Kòrónà dá dùbúlẹ̀ nínú ìdánwò náà kù ní 95 nínú 100. Bó bá jẹ́ pé ibà ni ẹ̀rí pé abẹ́rẹ́ ṣiṣẹ́, níbo ni àwọn yòókù ti rí ààbò tiwọn? Obìnrin ló ń ròyìn ìnira ju ọkùnrin lọ, ọ̀dọ́ ju àgbà lọ. (Ẹ má jẹ́ kí ọkọ yín fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ ṣá o.)

Ohun kan wà nínú ìdánwò kan náà tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́, torí ó máa ń bí àwọn ènìyàn nínú bí mo bá sọ ọ́. Omi iyọ̀ lásán ni wọ́n gún fún ìdajì àwọn tó kópa, láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ èwo ni tirẹ̀. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kejì, 59 nínú 100 àwọn tí kò ju ẹni ọdún 55 lọ tó gba ojúlówó ní ó rẹ àwọn, 52 sì ní orí fọ́ àwọn. Láàárín ẹgbẹ́ wọn tó gba omi iyọ̀, 23 ní ó rẹ àwọn, 24 ní orí fọ́ àwọn. Omi iyọ̀ o! Ní oṣù kìíní ọdún 2022, àwọn olùwádìí ní Boston kó irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ 12 jọ, wọ́n sì ṣírò pé nǹkan bí 76 nínú 100 àwọn ìnira bíi orí fífọ́ àti rírẹ̀ tó tẹ̀ lé abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ ni irú rẹ̀ yóò wáyé bó tilẹ̀ jẹ́ omi iyọ̀ ni ènìyàn gbà. Ti abẹ́rẹ́ kejì wálẹ̀ sí 52.

Èyí kò túmọ̀ sí pé àwọn ènìyàn ń parọ́. Orí tó fọ́ fọ́ lóòótọ́. Ìbẹ̀rù máa ń mú kí ara le gbagidi, ó máa ń lé oorun lọ, àìsùn sì tó láti mú orí fọ́. Yàtọ̀ síyẹn, lójoojúmọ́ ni nǹkan kan ń dun ẹnì kan níbì kan, a kì í kàn kọbi ara sí i títí di ọjọ́ tí a bá jókòó tí a ń ṣọ́ ara wa. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera kan gbà pé nítorí èyí ó sàn ká má sọ ohunkóhun fún ẹni tó wá gba abẹ́rẹ́. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọ́n sọ fún pé “kò ní í ṣe yín ní nǹkan kan”, tí ó wá ń gbọ̀n lóru, kì í gbà wá gbọ́ mọ́ lọ́jọ́ mìíràn. Ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ òótọ́ ṣáájú ló dára: ó lè rí bẹ́ẹ̀, ọjọ́ kan sí mẹ́ta ni, yóò lọ.

Nípa kókó abíyá, ibẹ̀ ni ibùdó àwọn ọmọ ogun ara tó ń ṣọ́ apá wà, iṣẹ́ ló pọ̀ fún wọn tí ibẹ̀ fi wú. Nínú ìdánwò abẹ́rẹ́ Moderna, tí òun náà jẹ́ mRNA, nǹkan bí 14 nínú 100 ni abíyá wọn wú tàbí tó ń dùn wọ́n lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kejì. Bí ẹ bá ní àyẹ̀wò ọmú lọ́wọ́ láìpẹ́, ẹ sọ ọjọ́ abẹ́rẹ́ àti apá tí wọ́n gún fún ẹni tó ń ya àwòrán ọmú náà, torí kókó yìí máa ń hàn nínú àwòrán, ó sì ti kó ìpayà bá ọ̀pọ̀ obìnrin láìnídìí.

Nǹkan oṣù yín náà, ẹ kò fi ojú inú rí i. Ọ̀pọ̀ obìnrin sọ ọ́ ní 2021, wọ́n sì dá wọn lóhùn pé àníyàn ni. Ó dùn mí, torí kò sí ẹni tó béèrè ọ̀rọ̀ nǹkan oṣù lọ́wọ́ wọn nínú àwọn ìdánwò ńlá yẹn. Nígbà tí wọ́n wá yẹ àkọsílẹ̀ nǹkan bí 4,000 obìnrin wò ní Amẹ́ríkà, wọ́n rí i pé ó máa ń pẹ́ lóòótọ́, ìwọ̀n tí kò tó ọjọ́ kan ní ìpíndọ́gba; ẹni tó bá gba méjèèjì láàárín nǹkan oṣù kan lè fi ọjọ́ méjì pẹ́. Ó ń padà bọ̀ sípò. Ní oṣù kẹwàá 2022, àjọ tó ń mójú tó oògùn ní Yúróòpù, EMA, ní kí wọ́n kọ ẹ̀jẹ̀ nǹkan oṣù tó pọ̀ sára ìwé abẹ́rẹ́ mRNA. Kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ọmọ bíbí. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dá tipẹ́ tó wá rí ẹ̀jẹ̀ ni kí ó má fi ṣe ti abẹ́rẹ́, kó lọ rí dókítà.

Ó kan orúnkún ẹ̀gbọ́n yín. Àwọn àgbà ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Bí ẹ̀gbọ́n yín ṣe rò ó nìyẹn, àmọ́ pé nǹkan méjì tẹ̀ lé ara wọn kò sọ pé ọ̀kan ló fa èkejì. Iye abẹ́rẹ́ Kòrónà tí wọ́n ti gún káàkiri ayé lé ní bílíọ̀nù 13. Bí ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù ènìyàn bá gba ohunkóhun, orúnkún á dun àìmọye wọn láàárín ọdún kan, bí wọ́n bá gbà á bí wọn ò gbà á. Oṣù márùn-ún ti jìnnà jù fún ohun tí a mọ̀ pé abẹ́rẹ́ yìí ń ṣe. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí dókítà wo orúnkún náà fúnra rẹ̀. Ìtọ́jú lè ti wà fún un tí ẹ̀sùn abẹ́rẹ́ ń dí lọ́nà.

Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ohun tí mo sọ yìí pa ẹlòmíràn lẹ́nu mọ́, torí àwọn ìgbà kan wà tí àjẹ́ àná jẹ̀bi lóòótọ́. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹrin 2021, Amẹ́ríkà dá abẹ́rẹ́ Johnson & Johnson dúró fún ìgbà díẹ̀ nítorí obìnrin mẹ́fà tí ẹ̀jẹ̀ dì sínú iṣan orí wọn, nínú abẹ́rẹ́ tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà àti ààbọ̀ tí wọ́n ti gún. Ohun tó jẹ́ kí wọ́n rí mẹ́fà péré yẹn ni pé wọ́n jọra: ẹ̀jẹ̀ ń dì, bẹ́ẹ̀ ohun tó yẹ kó mú ẹ̀jẹ̀ dì ti lọ sílẹ̀ nínú ara wọn, àárín ọ̀sẹ̀ kìíní sí ìkejì ló sì bẹ̀rẹ̀ fún gbogbo wọn. Irú rẹ̀ wà fún AstraZeneca náà; àwọn méjèèjì kì í ṣe mRNA. Nítorí náà, lẹ́yìn méjèèjì yìí, orí fífọ́ líle tó bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí ọjọ́ kẹrin títí di ọ̀sẹ̀ kẹrin, ojú tó ń ṣú, inú rírun tí kò lọ, ẹsẹ̀ kan tó wú, tàbí àmì ẹ̀jẹ̀ wínníwínní lábẹ́ awọ, kì í ṣe ohun tí a ń fi paracetamol lé. Ilé ìwòsàn ni, kí ẹ sì dárúkọ abẹ́rẹ́ náà àti ọjọ́ tí ẹ gbà á, torí heparin, oògùn tí wọ́n sábà fi ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ dídì, lè mú irú èyí burú sí i.

Ti mRNA tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni myocarditis, ìyẹn kí iṣan ọkàn wú. Ọ̀dọ́kùnrin ló ń ṣe jù, pàápàá láàárín ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kejì. Àyà á máa dun ènìyàn, ọkàn á máa lù kìkì, èémí á há. Kò wọ́pọ̀, ọ̀pọ̀ ló sì ń bọ́ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n a kì í fi ṣeré. Ìbínú ara tó lágbára, tí ètè ń wú tí ọ̀nà ọ̀fun ń dí, kì í sábà kọjá wákàtí àkọ́kọ́. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí a fi ń ní kí ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú 15 kẹ́ ẹ tó lọ. Abẹ́rẹ́ adirẹnálínì wà nítòsí wa nígbà náà.

Ní tiyín, ibà àná kò di yín lọ́wọ́ láti gba òmíràn bí wọ́n bá ní ó tó àsìkò. Ẹni tí ara rẹ̀ bínú bí mo ṣe sọ yẹn, tàbí tí iṣan ọkàn rẹ̀ wú, ni kó kọ́kọ́ bá dókítà sọ ọ́ ná. Ẹ má lo paracetamol ṣáájú abẹ́rẹ́ láti fi dènà ibà. Ẹ dúró kí ara ro yín, kí ẹ tó lò ó. Ẹ máa gbé apá náà sókè-sódò, ẹ mu omi.

Ẹ lè fi ohun tó ṣe yín sun àjọ tó ń mójú tó oògùn fúnra yín, kò dìgbà tí dókítà bá fọwọ́ sí i. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ní ètò tí wọ́n fi ń gba ìròyìn ìnira oògùn láti 1964, Yellow Card ni wọ́n ń pè é. Ti Amẹ́ríkà, VAERS, bẹ̀rẹ̀ ní 1990. Ìròyìn kan ṣoṣo kì í dá abẹ́rẹ́ lẹ́bi, kíkó wọn jọ ni wọ́n fi ń rí irú obìnrin mẹ́fà yẹn. Ẹ kọ orúkọ abẹ́rẹ́, nọ́ńbà tó wà lára káàdì yín, ọjọ́ tí ẹ gbà á àti ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀. Ní ti kókó abíyá, bí ó bá pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí kò tíì lọ, tàbí tó ń tóbi sí i, tàbí tó le bí òkúta, ẹ má dá a dúró de èmi. Ẹ jẹ́ kí dókítà fọwọ́ kàn án.